Abẹ́rẹ́ Ọjọ́ Sátidé

Ara Akínlọ́lá le koko, síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé ló ń wa ọkọ̀ láti Suitland ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún ìjọba, lọ sí Beltsville kí wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀ láyé. Nígbà tó wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ọjọ́ tí àwọn alábẹ́rẹ́ àjẹsára dé, ojú fèrèsé ló gbà jáde, wọn ò rí i títí wọ́n fi lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, Ọmọ́jọlá sì ni oyin ọ̀hún.

Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan náà ni wọ́n ń lọ ní Seat Pleasant. Ọmọ́jọlá ti ṣe nọ́ọ̀sì rí kó tó bọ́ sí ilé ìwádìí kan ní Beltsville. Wọ́n ní ó ti kọ àfẹ́sọ́nà kan sílẹ̀ nígbà tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀. Ìyẹn ba Akínlọ́lá lẹ́rù ju abẹ́rẹ́ lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1997, Ọmọ́jọlá sọ fún un pé òun ń wá ẹni tí ara rẹ̀ le, tó lè fún òun ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Akínlọ́lá ti ká apá ẹ̀wù sókè kó tó gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dijú pinpin, òógùn bò ó.

"Brọ́dà Akin, ẹ di ọwọ́ yín. Ṣé kí n fi test míì kún un?"

"Gbogbo test tó bá wù yín, Sísítà Jọlá. Ẹ ṣáà tètè yọ ọ́."

Ó yọ ọ́. Ó gbé ẹ̀jẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nínú oòrùn, ó wá yọ ìgò kékeré kan tí wọ́n fi fóìlì wé láti inú páálí kan nínú firíìjì. Wọ́n ya eku kan sára páálí náà. Akínlọ́lá rò pé àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni.

"Antibody ni," Ọmọ́jọlá ní. "Ìmọ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ kàn án. Nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é ló máa ń dá mọ̀, lára àwọn cell tó ń bá àrùn jà. Tó bá ti rí i, á lẹ̀ mọ́ ọn, dye ara ẹ̀ á sì máa tàn. Kò ní wojú ẹlòmíì."

Akínlọ́lá rò ó lọ́kàn pé bí òun náà ṣe rí nìyẹn.

Ọmọ́jọlá kán an sínú ẹ̀jẹ̀ náà, ó gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yẹ cell wò. Àmì wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tú yẹ́ẹ́ sójú ẹ̀rọ náà. "Ṣé èmi nìyẹn?" Akínlọ́lá bèèrè.

"Ẹ wo bó ṣe rẹwà," Ọmọ́jọlá dáhùn, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bó bá ti fa ẹ̀jẹ̀ tán, wọn á lọ jẹ ṣinṣín ní yàrá ìsinmi, wọn á máa rẹ́rìn-ín títí ọ̀sán á fi pọ́n. Akínlọ́lá wá ń po mọ́ọ̀tì mọ́ mílíìkì mu kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà gbẹ. Moshood tí wọ́n jọ ń gbé wo apá rẹ̀ tó ń dá tóótòòtó, ó ní, "Guy, ṣé ẹ̀fọn lò ń fẹ́ ni?" Akínlọ́lá kàn ń súfèé ni.

Ohun kan ṣoṣo ló ń kó ìdààmú bá a. Ọmọ́jọlá ti sọ pé bí ìgò yẹn bá ti tán, ìwádìí náà parí. Bí omi inú rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ọkàn Akínlọ́lá ń lọ sílẹ̀. Àwáwí wo ló kù tó máa gbé e dé Beltsville?

Ó wá tán ní Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún. Ọmọ́jọlá dorí ìgò kodò, kò sí nǹkan kan. Akínlọ́lá, tó ti ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò nínú ọkọ̀ láti ilé, gbé e kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Sísítà Jọlá, mo fẹ́ fi yín ṣaya. Mo mọ̀ pé church máa bèèrè genotype. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ò jẹ́ kí n ṣe é rí, but màá lọ ní Monday."

Omi lé ròrò sójú Ọmọ́jọlá, ẹ̀rín sì tún ń pa á. "Ẹ má lọ síbì kankan. AA ni yín. Ẹ ní kí n ṣe gbogbo test tó bá wù mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sì ṣe é. AS ni èmi. AS náà lẹni tí mo kọ̀ sílẹ̀. Ẹnu yín ni mo ń retí látìgbà yẹn."

Ayọ̀ gbé Akínlọ́lá fò sókè, àga rẹ̀ ṣubú gbàgà. Nígbà tó balẹ̀, ó fi ọwọ́ ra apá rẹ̀ bí akọni tó togun dé. "Ọpẹ́ ni," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ àwọn Sátidé yòókù náà ò sì ṣòfò, ó ṣáà wúlò fún research yín."

Ọmọ́jọlá fa páálí náà sún mọ́ ọn, ó fi ìka lé eku tí wọ́n yà sí i lára, ó ní, "Akin mi, kò sí ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ yẹn kì í ya àmì fún. Antibody yìí ò mọ èèyàn rárá, eku nìkan ló mọ̀."