Páàdì Tí Kìtán Kò Lè Dúró Dè

Ẹ dákun, ẹ má kàn wo orí rẹ̀ kí ẹ sì fò ó kọjá. Ẹ ka ìtàn yìí títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹni yín ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ.

1.
Kìtán ń gbé ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́, pẹ̀lú Bísọ́dún ìyàwó rẹ̀ àti Tolúwalọpẹ́ ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Òkúta tí wọ́n fi ń kọ́lé ló máa ń kó lọ sí ìlú Oǹdó. Nígbà tó fẹ́ ra típà tirẹ̀, méjì ló rí, tòkunbọ̀ ni méjèèjì. Ọ̀kan ń lo bíréèkì dírọ́ọ̀mù, èkejì ń lo dísíìkì. Ó mú Adéṣínà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání lọ wò wọ́n, nítorí Adéṣínà ti ń ṣe mekáníìkì ọkọ̀ ńlá ní Oǹdó kí Kìtán tó mọ ọkọ̀ wà.

Adéṣínà fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní dísíìkì dára, ó tètè ń dá ọkọ̀ dúró, ooru gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í sì í tètè mú un. Àmọ́ páàdì rẹ̀, ìyẹn awẹ́ tó máa ń fún dísíìkì mú kí ọkọ̀ lè dúró, kò sí ní Àkúrẹ́, kò sí ní Oǹdó, Èkó ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́. Dírọ́ọ̀mù ní tirẹ̀ máa ń rọ̀ tó bá gbóná jù, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a kò ti lè rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

“Èyí tó bá wù ọ́ ni kó o mú,” ni ó wí. “Tó bá jẹ́ dísíìkì, kó o mú sùúrù mọ́ ọn. Ọjọ́ tí páàdì bá tán, pa ọkọ̀ tì.”

Kìtán rẹ́rìn-ín. Ó mú dísíìkì. Nígbà tó dé gáréèjì, ó ń sọ fún àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ń bẹ̀rù ohun tí kò mọ̀ ọ́n tú, pé ohun àtijọ́ ni gbogbo wọn ń gùn. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Adéṣínà. Kò bá a jà. Kò kàn pè é mọ́ ni.

2.
Oṣù mẹ́jọ ni ọkọ̀ náà fi ṣiṣẹ́ láìyọnu. Bísọ́dún ló dá wà nílé. Tẹ́lẹ̀, Adéṣínà máa ń yà lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, á gbé ọmọ lé itan, á máa pa á lẹ́rìn-ín. Ní báyìí, kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn wọn. Bí ọkọ bá ti jáde láàárọ̀, ó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí Bísọ́dún tó tún gbọ́ ohùn àgbàlagbà nínú yàrá yẹn.

Lọ́jọ́ kan, bí típà ṣe ń yà wọ àdúgbò, ó gbọ́ tí irin ń ha irin.

“Dádì Tolú, bíréèkì yín ń ké.”

“Ìwọ náà ti di mekáníìkì?”

“Etí ni mo fi gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n pe bùọ̀dá.”

“Tó o bá pè é, èmi àti ẹ ò sọ̀rọ̀ mọ́ nìyẹn.”

Bísọ́dún gbé fóònù sílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn, kò fẹ́ pàdánù rẹ̀.

3.
Kìtán mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ó pe Èkó láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní yóò tó ọjọ́ mẹ́rin kí páàdì tó dé. Ó pa ọkọ̀ tì sí gáréèjì. Ilẹ̀ ọjọ́ yẹn ò tíì ṣú tí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi òun àti ọkọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bùsàrí, awakọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ní kí wọ́n má pariwo, òyìnbó ń sùn. Òmíràn ń bèèrè bóyá dókítà rẹ̀ ti wọkọ̀ l'Ékòó. Wọn ò gbèrò ibi sí i, àwàdà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi gbogbo wọn ṣẹ̀sín rí, àwàdà á máa gún un.

Kò lè fara dà á dé ọjọ́ kẹta. Ó tú páàdì tó ti jẹ tán, ó gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó máa ń kan láínì dírọ́ọ̀mù. Láínì yìí ni awọ líle tó máa ń gbá inú dírọ́ọ̀mù mú. Ọkùnrin náà gé e, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin páàdì, ó ní yóò gbé e dé ìgbà tí ojúlówó bá dé. Kìtán wa ọkọ̀ yí gáréèjì po, ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ òfìfo ni o.

4.
Ọjọ́ kejì, ó kó òkúta kún un, ó kọrí sí Oǹdó. Níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí Ọ̀wẹnà, ó tẹ bíréèkì, ó mú. Ó tún un tẹ̀, ó mú díẹ̀. Ooru ti yọ́ gọ́ọ̀mù, láínì ti ṣí kúrò lára irin. Ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn wọlẹ̀ lásán ni. Àwọn obìnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá títì wà níwájú rẹ̀ gan-an. Kìtán yí ọkọ̀ sínú igbó. Kò pa ìkankan nínú wọn. Òkúta tó kó ló ya lu ibi tó jókòó sí.

Bísọ́dún retí agogo mẹ́rin títí ó fi kọjá. Nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, tó ṣí i tó rí Adéṣínà, ó gbé ọmọ mọ́ àyà. Ó jókòó sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Adéṣínà lọ tú táyà ọkọ̀ náà. Ó mú páàdì náà wá, ó ń yí i lọ́wọ́.

“Kí ló dé tí kò pè mí?” ló ń sọ.

Bísọ́dún ní, “Èmi náà ò pè yín.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe dísíìkì ló pa Kìtán, kì í sì í ṣe dírọ́ọ̀mù. Èyí tí ẹ bá lè tọ́jú níbi tí ẹ wà ni kí ẹ mú, ẹ má sì fi ẹran ara ọ̀kan lẹ ojú egbò èkejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ mẹ́rin, yóò tán. Ẹ̀yin ìyàwó, bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń ké, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ó bá bínú, kó bínú. Alààyè ló ń bínú.

Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.