Tírà Ọrùn Auntie Lin

Àyà Falilat ń já.

Auntie Lin, aládùúgbò rẹ̀ tó wá láti Ṣáínà, tún ti gbé tírà kọ́rùn: páálí tí àmì dúdú wẹẹrẹ kún ojú rẹ̀.

Gbogbo ẹni tó bá rí ní Beresford Square, ní London, ló ń nà án sí.

Ó ti ń bọ̀ ní bus stop tí Falilat àti ọmọ rẹ̀ dúró sí.

Falilat ń ka Áyátùl Kúrúsíyù sínú fún ààbò.

Anisah ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Mummy, QR code ni. Mo ti fi fóònù scan ẹ̀. Ìyàwó ló ń wá fọ́mọ ẹ̀ ọkùnrin. Báwọn ìyá ṣe ń ṣe é ní Ṣáínà báyìí nìyẹn."

Falilat wo Anisah, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí kò tíì mú ẹnì kankan wálé rí.

Bí Auntie Lin ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn, Falilat yọ fóònù, ó nà án sí páálí náà.

"Auntie Lin, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ yẹn ń kírun?"