Ariwo Rọ́ọ̀kì Lórí Àtẹ̀gùn

Ìyá aránṣọ dé láti ṣọ́ọ̀bù, kò tiẹ̀ yà sílé ara rẹ̀, ilẹ̀kùn aládùúgbò tó kọjú sí tiẹ̀ ló ń gbá. Orin rọ́ọ̀kì ń mi àtẹ̀gùn, olórin ń ké bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Ta ni ì bá tún jẹ́, bí kò ṣe onírun gígùn tó máa ń wọ aṣọ dúdú tí wọ́n ya agbárí sí?

Onírun gígùn ṣílẹ̀kùn. Ọmọ ọwọ́ ń sunkún léjìká rẹ̀, òwú sì dí etí tọmọ tòbí.

“Dín in kù. Ọkọ mi ń sùn, orin sì máa ń fọ́ wọn lórí. Etí ẹ̀yin ọmọ rọ́ọ̀kì ti di pátápátá.”

“Mà, mo fẹ́ràn rọ́ọ̀kì lóòótọ́, àmọ́ tiwọn ti le jù.” Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn ìyá fúnra rẹ̀.

Ìyá rọra ṣí i. Ọkọ rẹ̀, olórí akọrin ìjọ tó ti fẹ̀yìntì, dúró lórí àga, ó fi igi ìgbálẹ̀ ṣe gìtá, ó ń ju orí pípá bí ẹni tó nírun. Ó ti pẹ́ tí ìyá ti rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó padà sọ́dọ̀ aládùúgbò.

“Ọmọ mi, ṣé òwú yẹn ṣì kù?”