Ìwé Ilé Tí Wọn Ò Jẹ́ Kí Lọ́yà Kà Parí

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ fìdí lélẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí dùn létí mi bí orin.

Ní ọ́fíìsì lọ́yà ní ìlú Oldenburg, ní Jámánì, Wiebke ń ra ilé ìyá wọn lọ́wọ́ Detlef ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí wọn ò bá fọwọ́ síwèé kó tó di aago mẹ́rin, owó tí báńkì fẹ́ yá a ti bọ́ nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, lọ́yà gbọ́dọ̀ ka gbogbo ìwé náà sétí àwọn méjèèjì. Bí ẹnì kan bá jáde, àtúnkà ni.

"Ta ló máa san owó lọ́yà?" Detlef fi ẹ̀ṣẹ́ lu tábìlì.

"Èmi ni, bọ̀dá mi."

"Owó orí ìjọba ńkọ́?"

"Èmi náà ni. Ẹ jókòó!"

"Olójúkòkòrò!" Ó fọ́ ọ létí, ó sì jáde.

Lọ́yà padà sí ojú ewé àkọ́kọ́.

Detlef wọlé, ó gbé àga lu Wiebke. Wiebke la ife kọfí mọ́ ọn níwájú orí. Detlef tún jáde. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí ìwé. Lọ́yà ń kà, àwọn ń jà, aago ń lọ!

Bó ṣe tún fẹ́ jáde, lọ́yà ti ìlẹ̀kùn, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ó ní, "Detlef, kì í ṣe owó lò ń bá a jà sí. Aago lò ń wò, kí mẹ́rin lè lù."

Detlef bú sẹ́kún. "Bó bá gba ilé, ibo ni kí n máa sùn?"

Wiebke nu ẹ̀jẹ̀ imú ara rẹ̀.

"Yàrá yín ni, títí ẹ fi máa kú. Ó wà ní ìparí ìwé."

Wọ́n fọwọ́ síwèé kí aago mẹ́rin tó lù. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kábéèjì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni gbogbo àwa ará àdúgbò jẹ nílé ìyá wọn, tí ikùn wa fi le bí ìlù, ká tó padà sílé lọ sùn. Detlef kò lọ ilé kankan: yàrá rẹ̀ níbẹ̀ ló sùn.