Ohun Tí Òfin Ń Pè Ní Ọkọ̀

Ó ku oṣù mẹ́ta kí Bàbá Onítumọ̀ fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń bá ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ orí omi ṣiṣẹ́, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ló sì lè jẹ́rìí sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wo nǹkan, kó sì sọ ohun tí òfin ń pè é. Adájọ́ kì í kúrò lórí àga. Ohun tí Bàbá Onítumọ̀ bá kọ ni adájọ́ ń kà.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó rọra tẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá láti èbúté, ó bọ́ sínú nǹkan irin ńlá kan tó ti dípẹtà. Kò tíì pè é ní ọkọ̀. Opó kan ló ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ ìjì kan, nǹkan náà kọ lu èbúté ilé-iṣẹ́ oníyanrìn, èbúté wó. Ilé-iṣẹ́ ní kí ilé-ẹjọ́ gbà á, kó tà á. Bó bá jẹ́ ọkọ̀, wọ́n á tà á. Bó bá jẹ́ ilé, ilé-ẹjọ́ orí omi ò lẹ́nu níbẹ̀. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti fi ṣéènì dè é mọ́ èbúté.

Opó náà jáde, ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ má bínú sí òórùn yìí, sítóòfù ló da epo sí mi lọ́wọ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ lé wa jáde?"

"Èmi kọ́. Òfin ni."

"Òfin ò wá síbí. Ẹ̀yin ni mo rí."

Bàbá Onítumọ̀ mí kanlẹ̀, ó ṣí fáìlì. "Òfin ní ọkọ̀ gbọ́dọ̀ léfòó, kó ní ohun tó ń gbé e rìn, kó sì ní ẹni tó ń tù ú."

"Àfọ́kù igbá náà ń léfòó."

"Ẹ́ńjìnì ńkọ́?"

"Ọkọ mi tú u tà kó tó kú."

"Atukọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ lọ bi wọ́n ní itẹ́ òkú."

"Ọlọ́dẹ ilé-iṣẹ́ ní òun gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì lọ́jọ́ ìjì yẹn."

"Kí ló mu? Gbogbo ayé ń gbọ́ ààrá, òun ń gbọ́ ẹ́ńjìnì."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo yàrá iwájú, àpò àlùbọ́sà ló kún ibẹ̀. Ó wo àárín, ìkòkò àti aṣọ ni. Ó ku yàrá ẹ̀yìn. Ìyá àgbà kan dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gbé ka orí àpótí pákó ńlá, ó ga tó àyà ènìyàn.

"Omi máa ń wọlé bí òjò bá rọ̀," opó náà wí. "Ìdí nìyẹn tá a fi gbé wọn ga."

Bàbá Onítumọ̀ tẹrí ba. "Ẹ kú ilé mà."

"Káàbọ̀, ọmọ mi." Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bíi pákó.

"Màmá fi ọwọ́ lọ́ okùn tà fún ogójì ọdún," opó náà sọ.

"Ìgbà wo lẹ máa tú ṣéènì yẹn?" ìyá náà bi í.

"Bí adájọ́ bá fọwọ́ sí i pé ilé ni, ọ̀sán ọ̀la mà."

"Ọ̀la. Omi á kún dáadáa nírọ̀lẹ́ ọ̀la."

"Ẹ má dá màmá lóhùn. Ara àgbà ni."

"Ṣé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dùbúlẹ̀?"

"Ọdún karùn-ún rèé. Àfi ká gbé wọn."

Ó ku ìlà kan lórí ìwé rẹ̀: *Mo ti yẹ gbogbo ibẹ̀ wò.* Tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo ìyá náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tòun náà dùbúlẹ̀ kó tó kú. Ọmọ ta ni yóò ní kí wọ́n gbé ìyá aláìsàn sọ̀ kalẹ̀ nítorí pákó? Ó fi tọ́ọ̀ṣì sápò, ó fọwọ́ sí ìlà náà.

"Bí wọ́n bá tà á, níbo lẹ máa lọ?"

"Ibi tí ẹsẹ̀ bá gbé mi dé. Èmi ní ẹsẹ̀. Tìyá ńkọ́?"

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú opó náà: kò ní ẹ́ńjìnì, kò ní atukọ̀, ilé ni. Ó wá kìlọ̀ fún un pé ilé-iṣẹ́ ṣì lè gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù orí ilẹ̀.

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Á gbà wọ́n tó oṣù kan."

"Oṣù kan ti tó," opó náà wí.

Lọ́jọ́ kejì, adájọ́ fọwọ́ sí i ní aago mẹ́wàá. Wọ́n tú ṣéènì lọ́sàn-án. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá Onítumọ̀ wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí èbúté, kí opó náà lè fọwọ́ síwèé pé wọ́n ti tú u.

Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ náà wà nílẹ̀ lórí èbúté, bẹ́ẹ̀dì àti àpótí tí kò ní ìdí, tí epo ẹ́ńjìnì yí nínú, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èéfín sì ń rú lókèèrè lórí omi, níbi tí ìyá àgbà náà ti dúró ṣánṣán nídìí ìtọ́kọ̀, tó ń juwọ́ sí i.