Ọmọ Áárónì Nínú Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ẹnjiníà náà yọ́ jáde kúrò nínú sínágọ́gù kí wọ́n tó pe ọmọ Áárónì, ìran àlùfáà àwọn Júù, síwájú láti súre fún ìjọ. Láti ìgbà tó ti lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ epo ní Houston ló ti ń sá báyìí, torí ó gbà pé ọwọ́ òun kò mọ́ mọ́.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pàdé obìnrin kan tó ń di bàbá rẹ̀ arúgbó mú bọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọ́n ti súre?"

"Rárá. Bóyá wọn ò ní súre lónìí."

Obìnrin náà pòṣé. "Ó tún ti sá lọ! Òun nìkan ni ọmọ Áárónì tó kù níbí. Ìgbéraga lásán! Ṣé ìbùkún tiẹ̀ la ní kó fún wa ni? Ti Ọlọ́run mà ni!"

"Rúùtù, má bá ẹnikẹ́ni jà," ni bàbá náà wí. "Ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ mi."

Ojú ti ẹnjiníà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, bí àwọn ọmọ Áárónì ti máa ń ṣe kí wọ́n tó gòkè lọ súre.

Rúùtù fọwọ́ bo ẹnu.