Orin Tí Màmá Kọ̀ Láti Tẹ̀ka Sí

Láti ìgbà tí òfin ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọrin abúlé láìjẹ́ pé àgbà ilé rẹ̀ tẹ̀ka sí i, àwọn olórin kò jẹ́ kí Màmá Moróunkẹ́jì rímú mí ní Abà Ògúnjìnmí. Lọ́jọ́bọ̀ yìí, Adégòróyè, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó bà síwájú ilé, ó wọ bàtà oko tí ẹrẹ̀ kò kàn rí.

Ó tẹ ẹ̀rọ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, orin sì gbòde. Nínú orin náà, ó ń yin oko bàbá bàbá rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀ṣì abúlé, bí ẹni tó ti jọ́sìn níbẹ̀ rí.

“Ẹ bá mi tẹ̀ka sí i, Màmá. Ọ̀la ló máa jáde.”

“Kí ni orúkọ bàbá bàbá rẹ tí ò ń kọrin nípa rẹ̀ yìí?”

Adégòróyè bojú wo ọwọ́ rẹ̀, bóyá ẹ̀rọ á sọ fún un. Màmá pòṣé.

“Sàréè rẹ̀ lo gbé ọkọ̀ rẹ lé yẹn.”

Adégòróyè bojú wẹ̀yìn wo ọkọ̀ náà. “Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ka ná, màá gbé e kúrò tí mo bá ń lọ.”

Màmá tutọ́ sílẹ̀, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.